Iná Kékeré Tí Kì Í Ṣẹ́jú

9 Oṣù Kẹwàá

Ooru mú. Wọ́n sọ fún mi nílé, ní Chitipa lápá àríwá, pé Zomba tutù. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò débí rí nínú oṣù Kẹwàá. Òdòdó jakaránda ti bo ọ̀nà ilé ìwádìí, ó ń yọ̀ lábẹ́ bàtà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta mi níbí rèé. Ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ jù ni obìnrin tó ń ta mándásì, ìyẹ̀fun díndín, lẹ́nu géètì, ohun tó sì máa ń sọ ni "Mélòó?" Láàárọ̀ yìí mo kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yàrá ìkàwé. Mayamiko, tó fi ọdún kan ṣáájú mi, sín ohùn mi jẹ. "Ẹ gbọ́ ará Chitipa! Ṣé o ń kí wa ni, àbí o ń lé ewúrẹ́?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti ń rẹ̀ mí láti máa rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

12 Oṣù Kẹwàá

Dókítà Namathaka, ìyá tó ń darí ẹ̀kọ́ mi, fún mi níṣẹ́ lónìí. Gbogbo ohun tí ilé ìwádìí yìí mọ̀ nípa adágún Chilwa wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ṣoṣo ní yàrá ìpẹ̀kun: bí omi ṣe ga tó ní èbúté kọ̀ọ̀kan, iye ẹja tí àwọn ọkọ̀ gbé wálé, àti ohùn àwọn àgbà tó rántí àwọn ọdún tí adágún náà gbẹ pátápátá.

"Ó tún ti ń gbẹ," ó ní. "Kò sì sí ẹni tó lè padà lọ wọn omi èṣí. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn ló wà."

Ó ní kí n lọ bá Bambo Nakhumwa, bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀dà àfipamọ́. Bambo Nakhumwa ò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Rédíò rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Jókòó, ọmọ Chitipa. Ẹ̀rọ yìí kò ní àwòrán tí wàá máa nàka sí. Ọ̀rọ̀ gidi ló fẹ́, kí o tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ tààrà. Bí ìyàwó mi gẹ́lẹ́: tó bá jẹ́ pé ìkòkò lo kàn ń nàka sí, ebi ni wàá gbé sùn."

16 Oṣù Kẹwàá

Mo ti mọ tar, tó ń di àìmọye fáìlì pọ̀ sójú kan bí ẹni di ẹrù. Mo ti mọ rsync, tó ń wo ohun tó yí padà nìkan, tó sì ń kó ìyẹn lọ. Bambo Nakhumwa ti kọ àwọn àṣẹ náà kalẹ̀ kí ẹ̀rọ máa dá a ṣe lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo èèyàn bá lọ jẹ nsima. Ẹ̀dà máa ń lọ sínú dísíìkì dúdú kan tó bà sórí ẹ̀rọ náà bí ẹyẹ. Tó bá ṣe tán, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sójú rẹ̀: Ó TI PARÍ.

Bambo Nakhumwa á wá yọjú sí ọ́fíìsì Dókítà. "Ẹ̀dà ti wọlé, amayi." "Ẹ ṣeun, bambo." Bí àdúrà ìrọ̀lẹ́ ló rí.

Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì.

19 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ń jẹun ọ̀sán ní yàrá ẹ̀rọ. Ibẹ̀ nìkan ni fáànù tó dáa wà, kò sì sí ẹni tó máa bi mí ìdí tí mo fi dá jókòó. Mándásì méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Mándásì ti kéré sí i, owó rẹ̀ ò kéré.

23 Oṣù Kẹwàá

Mo rí nǹkan kan. Nígbà tí ẹ̀dà ń lọ lọ́sàn-án, iná kékeré ara ẹ̀rọ ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí eruku kó sí. Ti dísíìkì dúdú kò ṣẹ́jú rárá. Ó kàn là kalẹ̀ bí ojú ẹja lórí àtẹ. Bóyá bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

24 Oṣù Kẹwàá

Kì í ṣe bó ṣe máa ń rí. Mo wò ó lónìí títí mo fi gbàgbé oúnjẹ mi. Lẹ́yìn náà mo tẹ df, àṣẹ tó ń ka gbogbo dísíìkì tó so mọ́ ẹ̀rọ àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe kún tó. Dísíìkì dúdú kò sí nínú wọn.

Mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè yé èmi fúnra mi. Dísíìkì tó wà níta máa ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé sínú ẹ̀rọ. /eda ni wọ́n ń pe ẹnu ọ̀nà náà. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi àṣẹ so dísíìkì mọ́ ọn. Bí iná bá lọ tó sì dé, ó ti já nìyẹn, àfi kí ẹnìkan tún un so. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá so ó, ẹnu ọ̀nà ò ní parẹ́. Yàrá òfìfo ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, yàrá kan nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀dà ń wọ̀. Ẹ̀rọ sì ń sọ pé ó ti parí. Kò purọ́. Ó ti kó ẹrù láti ìyẹ̀wù lọ sí pálọ̀ nínú ilé kan náà. Bí ilé bá jó, ìyẹ̀wù á jó, pálọ̀ á jó.

26 Oṣù Kẹwàá

Mi ò tíì sọ ọ́. Ta ni mo jẹ́? Wọ́n ti ń pe ọkùnrin náà ní bambo kí wọ́n tó bí mi. Nílé wa, a kì í sọ fún àgbà pé ṣòkòtò rẹ̀ ya lẹ́yìn. A máa ń ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé àga wá."

27 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ, mo padà, mo tún lọ. Bambo Nakhumwa yí rédíò sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o ń la ẹnu tí o ń pa á dé, bíi ẹja mlamba tí wọ́n jù sórí ẹrẹ̀?"

Mo ní kò sí nǹkan. Iná lọ. Inú mi dùn pé ó lọ.

28 Oṣù Kẹwàá

Mo gbé àga wá.

"Bambo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì kọ́ mi bí a ṣe ń dá fáìlì padà láti inú ẹ̀dà."

"Kí lo sọ nù?"

"Mi ò sọ nǹkan kan nù, bambo. Mo kàn fẹ́ fi ojú mi rí i."

"Ọmọ yìí! Ta ló ń hú ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ wò bóyá ó ti ta?"

Ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó gbé dísíìkì dúdú kúrò lórí ẹ̀rọ, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀, ó ní ká wá fáìlì àná. Kò sí ti àná. Kò sí ti oṣù tó kọjá. Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Fáìlì tó tuntun jù níbẹ̀ ti pé ọdún mẹ́ta.

Ó na ọwọ́, ó pa rédíò. Mi ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yàrá yẹn rí.

"Oṣù yẹn ni mo lọ sin ẹ̀gbọ́n mi ní Mulanje," ó ní.

Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń so dísíìkì náà ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó dé. Nígbà tó ti ìsìnkú dé, ó bá ẹ̀rọ tó ń sọ Ó TI PARÍ lọ́sọ̀ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ òun kò so nǹkan kan. Ó rò pé ẹni tó dúró fún òun ti ṣe é kó máa so ara rẹ̀. Kò béèrè. Ẹni yẹn náà kò sọ nǹkan kan.

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń yọjú sí obìnrin yẹn pé ẹ̀dà ti wọlé." Ó yíjú sí mi. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó tó ọjọ́ mélòó kan, bambo."

"O sì ń wò mí."

Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ó ti jókòó tẹ́lẹ̀.

29 Oṣù Kẹwàá

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Dókítà. Kò dárúkọ ọjọ́ tí mo fi dákẹ́. Dókítà kò pariwo, ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Ẹ so ó báyìí. Ẹ ṣe ẹ̀dà."

A so ó. Mo rí iná kékeré náà tó ṣẹ́jú. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sójú pé fáìlì kan kò ṣeé kà, òmíràn kò ṣeé kà. Ohùn kan wá ń jáde nínú rẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́, bí èékánná tó ń kan àwo. Dísíìkì inú ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti gbó, ó sì ti ru ẹrù ìlọ́po méjì fún ọdún mẹ́ta. Bambo Nakhumwa fi ọwọ́ méjèèjì dá iṣẹ́ náà dúró.

30 Oṣù Kẹwàá

Àwa mẹ́ta dúró yí ẹ̀rọ náà ká bí ẹni tó yí ibùsùn aláìsàn ká. Ohun àtijọ́ wà nínú dísíìkì dúdú, ìyẹn ti yè. Ti ọdún mẹ́ta yìí ló wà nínú ewu. Bambo Nakhumwa ní a ò lè mọ èyí tí yóò jẹ́ kíkà ìkẹyìn.

"Kí ni ká kọ́kọ́ mú?" Dókítà béèrè.

 Mo gbọ́ ohùn kan tó ń sọ pé ká mú àwọn kéékèèké ṣáájú: ìwọ̀n omi, lẹ́yìn rẹ̀ ẹja, lẹ́yìn rẹ̀ ohùn àwọn àgbà, láti èyí tó kéré dé èyí tó tóbi, kí púpọ̀ lè yè. Èmi ni mo ń sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé Zomba, mi ò tíì sọ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èwo ló tóbi jù?"

"Ti erékùṣù Chisi, mà." Bàbá kan níbẹ̀ fi odindi ọjọ́ méjì sọ̀rọ̀ nígbà tí Dókítà lọ bá a ní èṣí.

Dókítà wo ojú fèrèsé títí. "Ó dáa. Kí Chisi gbẹ̀yìn."

2 Oṣù Kọkànlá

Àárọ̀ nìkan ni iná ń wà. A ń kó díẹ̀, a ń dúró kí dísíìkì tutù, a tún ń kó díẹ̀. Bambo Nakhumwa ra omi dídì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun mímu, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e síwájú fáànù. Ìwọ̀n omi èbúté Kachulu ti wọlé. Lẹ́yìn fáìlì kọ̀ọ̀kan ó ń sọ pé, "Ṣí i." Màá ṣí i láti inú dísíìkì dúdú, màá ka ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn sókè. Kò ní jẹ́ ká lọ sí èkejì àfi bó bá gbọ́ ọ.

5 Oṣù Kọkànlá

Ìwọ̀n omi èbúté Mposa kò ṣeé kà. A gbìyànjú títí, kọ́, kọ́, kọ́.

Mo wá rántí pálọ̀. Ẹ̀dà tó ṣìnà fún ọdún mẹ́ta ṣì wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà náà. Dísíìkì dúdú ló dí i tí a kò fi rí i. Mo tú dísíìkì kúrò ní /eda, mo so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà mìíràn, mo wo inú yàrá. Ìwọ̀n omi Mposa jókòó síbẹ̀. Ibi tó bàjẹ́ lára dísíìkì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bambo Nakhumwa rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. "Sọ fún Dókítà pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

6 Oṣù Kọkànlá

Pálọ̀ ti kún kí ohùn àwọn àgbà tó débẹ̀. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rọ ń kọ Ó TI PARÍ ní gbogbo ìgbà yẹn, torí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ ọ láti sọ nìyẹn.

8 Oṣù Kọkànlá

Mayamiko dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo. Iye ẹja tó ń kà fún ìwé àṣekágbá rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ yìí, kò sì ní ẹ̀dà míì.

"Chitipa, jọ̀ọ́, ṣé tèmi ti yọ?"

"Lọ́la ló kàn."

"Lọ́la." Ó gbé àwo nsima sórí àpótí. "Jẹun. Ó ti tutù díẹ̀."

Kò sín mi jẹ. Matemba orí rẹ̀, ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́, kò níyọ̀.

9 Oṣù Kọkànlá

Ti Mayamiko yọ.

11 Oṣù Kọkànlá

Kò sí iná.

12 Oṣù Kọkànlá

Kò sí iná. Ìyẹ̀fun àgbàdo tún gbówó lórí. Òjò ṣú, ó lọ.

13 Oṣù Kọkànlá

Ohùn Kachulu wọlé, ohùn Mposa wọlé. Mo ní láti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n mọ̀ pé ó pé. Obìnrin kan ń sọ nípa ọdún tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gun orí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà. Màngó ń já lu òrùlé. Mo sùn lórí ìjókòó, ohùn rẹ̀ létí mi, mo sì jí tó ṣì ń sọ̀rọ̀.

14 Oṣù Kọkànlá

Chisi. A bẹ̀rẹ̀ ní kété tí iná dé. Kọ́, kọ́. Lẹ́yìn náà, kò sí kọ́ mọ́. Bambo Nakhumwa gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. A jẹ́ kó tutù, a tún un tàn. A tún jẹ́ kó tutù. Kò mọ̀ pé òun ní dísíìkì mọ́.

Ohun tó wọlé nínú ti Chisi ni ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì àkọ́kọ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

"Gbogbo ìyókù yọ," Dókítà ní. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì." Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Èmi ni mo to ìlà náà tó fi Chisi sẹ́yìn.

17 Oṣù Kọkànlá

Bambo Nakhumwa sọ fún Dókítà pé òun fẹ́ lọ kí oṣù tó tán. Dókítà ní, "Ẹ fẹ́ sá fi èmi àti ẹ̀rọ tuntun sílẹ̀? Ẹ jókòó, bambo." Ó jókòó. Láti àárọ̀ ló ti ń kọ àwọn àṣẹ náà lọ́tun. Báyìí, bí dísíìkì ò bá sí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ ò ní gbé nǹkan kan, yóò sì máa kọ KÒ PARÍ títí ẹnìkan yóò fi dá a lóhùn.

20 Oṣù Kọkànlá

Dókítà ní kí èmi àti Bambo Nakhumwa lọ sí Chisi, ká bẹ bàbá náà kó tún sọ ọ́. Ó ní òun ní kíláàsì. Mo rò pé kì í ṣe torí kíláàsì.

24 Oṣù Kọkànlá

Omi ti sá jìnnà sí èbúté Kachulu débi pé a bọ́ sílẹ̀, a ń ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ kó tó lè léfòó. Nígbà tí a dé Chisi, wọ́n sọ fún wa pé bàbá náà, Che Lipenga, kú nígbà òtútù. Wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, Abiti Kandulu. Ó ń sá ẹja wẹ́wẹ́ sórí ẹní.

"Ẹ ti mú ohùn rẹ̀ wá?" ó ní kí a tó jókòó tán. "Obìnrin tó wá nígbà yẹn ṣèlérí pé wọ́n á mú un wá kí n gbọ́."

Bambo Nakhumwa ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò ní sọ ọ́. Mo rí i pé kò lè sọ ọ́.

"Ohùn bàbá ti sọnù lọ́wọ́ wa, mà," mo ní. "Nígbà tí ẹ̀rọ fẹ́ kú, èmi ni mo ní kí tiwọn gbẹ̀yìn."

"Kí ló dé?"

"Ó pọ̀ jù, mà."

Ó wò mí. "Ibo lo ti wá tí o ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Chitipa, mà."

"Ó pọ̀ jù," ó tún un sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. "Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o! Gbogbo ọjọ́ ayé mi nílé yìí ni mo fi ń sọ fún un pé ó pọ̀ jù."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé kò kù rárá?"

Mo mú kọ̀ǹpútà kékeré jáde, mo tẹ èyí tó kù fún un. Ikọ́. Ohùn bàbá àgbà kan: "Lipenga ni mí. Ṣé nǹkan yìí ti ń gbọ́? Ó dáa. Ọdún tí adágún gbẹ, èmi ni mo ṣáájú gbogbo èèyàn tó fẹsẹ̀..." Ó gé síbẹ̀.

Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Ó fi etí aṣọ chitenje tó ró nu ojú, ó nu ọwọ́, ó ká ẹní ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Irọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun ló ṣáájú ta? Èmi ni mo ṣáájú, ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lórí. Adìyẹ kan ṣoṣo lòun gbé dání, ó ń ráhùn pé ó wúwo. Gbé nǹkan rẹ sún mọ́ mi."

Ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ó sọ bí omi ṣe kọ́kọ́ yọwọ́ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, ibi tí esùsú kú sí, kànga tí wọ́n gbẹ́ sí àárín adágún. Tó bá sọ díẹ̀, màá dá a dúró, màá tẹ èyí tó sọ fún un kó gbọ́. Nígbà míì á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Nígbà míì á ní, "Èyí ò dùn, pa á rẹ́, ká tún un sọ." Bambo Nakhumwa ń ká ẹsẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ èmi náà. Obìnrin náà nìkan ni kò rẹ̀.

Létí omi, mo ṣe ẹ̀dà méjì, mo ṣí méjèèjì. Bambo Nakhumwa fi ọ̀kan sínú àpò àyà rẹ̀, mo fi èkejì sínú báàgì mi. Ọkùnrin tó ń tu ọkọ̀ na ọwọ́ sí mi pé kí n wọlé. Bambo Nakhumwa ti mi sẹ́yìn díẹ̀, ó nàka sí ọkọ̀ míì tó fẹ́ ṣí.

"Àyè wà níbí fún ẹ̀yin méjèèjì," atukọ̀ ní. "Àbí ẹ jà ni?"

"A ò jà," Bambo Nakhumwa ní. "Tu ọkọ̀ rẹ."

Ó lọ ṣáájú nínú ọkọ̀ tirẹ̀, mo tẹ̀lé e nínú tèmi. A jìnnà síra, ẹ̀dà kan nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹrẹ̀ pọ̀, àwọn atukọ̀ méjèèjì ń ráhùn, mo sì ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ títí a fi gúnlẹ̀ sí Kachulu.